Áàpù Tó Ń Gbé Inú Kọ̀ǹpútà: Ìdí Tó Fi Yẹ Kí Ọ̀dọ́ Abobo Bẹ̀rẹ̀ Lórí Linux

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, mẹ́rin nínú àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá níwájú Abidjan bàjẹ́ papọ̀: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dákú káàkiri Côte d'Ivoire, ó sì ń ṣe ségesège ní Ghana, ní Benin àti ní Nàìjíríà. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé orí sáfà ilẹ̀ òkèèrè ni àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà dúró, tàbí kó máa rìn bí aláìsàn. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí ìṣirò ọjà wà nínú òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ọ̀dọ́ tó ń gbé Abobo, tó sì fẹ́ di ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, kò yẹ kó bẹ̀rẹ̀ láti orí wẹ́ẹ̀bù tàbí áàpù fóònù bí wọ́n ṣe sábà máa ń gbà á nímọ̀ràn. Kí ó kọ́kọ́ kọ́ áàpù oníwíńdò, èyí tó ní bọ́tìnnì, àpótí ìkọ̀wé àti tábìlì tirẹ̀, tó ń gbé orí kọ̀ǹpútà Linux, ètò ọ̀fẹ́ tó ń darí kọ̀ǹpútà bí Windows ṣe ń darí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìmọ̀ràn yìí máa dà bí ohun àtijọ́ létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, nítorí náà mo máa gbé ẹ̀rí kalẹ̀.

Abobo wà ní àríwá Abidjan, níbi tí ojú irin tó ń lọ sí Burkina Faso gbà kọjá. Ìkànìyàn ọdún 2021 fi hàn pé àwọn tó ń gbé ibẹ̀ lé ní 1,300,000. Yopougon nìkan ló pọ̀ jù ú lọ ní ìlú náà. Àwọn ọmọ Yorùbá wà láàárín wọn, pàápàá àwọn ọmọ Èjìgbò, tó ti pẹ́ gan-an tí ìdílé wọn ti ń bá òwò lọ sí Abidjan. Kọ̀ǹpútà tó ń dé irú àdúgbò báyìí kì í sábà jẹ́ tuntun. “France au revoir” ni, ohun tí ará Èkó ń pè ní tòkunbọ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft dáwọ́ ìtọ́jú tó ń ṣe fún Windows 10 dúró. Windows 11 sì ń béèrè fún ẹ̀yà ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0 àti irú ẹ̀rọ tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣe ṣáájú 2017 kò ní. Ohun tí èyí túmọ̀ sí ni pé àwọn ilé iṣẹ́ Yúróòpù á máa kó kọ̀ǹpútà tó ṣì lera dànù, púpọ̀ nínú wọn á sì gba ọkọ̀ ojú omi wá sọ́dọ̀ wa. Debian, irú Linux kan, tí a fi Xfce ṣe ojú rẹ̀ máa ń rìn dáadáa lórí ẹ̀rọ tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ kò ju 2 GB lọ. Android Studio, tí wọ́n fi ń kọ áàpù fóònù, ń béèrè fún 8 GB ó kéré tán, kí a má tíì sọ ti fóònù àfarawé tó ń ṣí lójú kọ̀ǹpútà láti fi dán áàpù wò. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká kọ̀ǹpútà olówó gọbọi, ọ̀nà kan ṣí sílẹ̀ fún un, èkejì sì há.

Kì í sì ṣe pé mo ń sọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìyànjú rí. Ní 2014, Guiako Obin dá BabyLab sílẹ̀ ní Abobo gan-an, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò ní kíkọ kóòdù, tí wọ́n sì ń fi ògbólógbòó ẹ̀rọ ṣe ohun mìíràn. Àwọn ọ̀dọ́ Abidjan mìíràn ti ṣe Jerry, kọ̀ǹpútà tí ìrònú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé: ẹ mú àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tí wọ́n ti jù nù, ẹ tò wọ́n sínú kẹ́ẹ̀gì oní-20 lítà, ẹ fi Linux sí i, ó di kọ̀ǹpútà. Ní Lomé, ní 2013, Kodjo Afate Gnikou ti WoeLab fi àlòkù ẹ̀rọ ṣe W.Afate, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníhà mẹ́ta. Emmabuntüs náà wà, irú Linux kan tí wọ́n ṣe ní ilẹ̀ Faransé fún kọ̀ǹpútà àlòkù tí ẹgbẹ́ aláàánú Emmaüs ń tún ṣe. Orí Ubuntu ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e kà, lẹ́yìn náà wọ́n gbé e sórí Debian. Gbogbo èyí fi hàn pé ẹ̀rọ ti wà, àwọn tó ń tún un ṣe sì ti wà. Ohun tó kù lójú tèmi ni ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ lé e: kí ọmọ tó ti mọ bí a ṣe ń jí kọ̀ǹpútà dìde mọ bí a ṣe ń kọ ohun tó máa ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀.

Kí ni ó yẹ kó kọ? Ẹ jẹ́ ká wo ìyá tó ń ta aṣọ ní ọjà Abobo. Ohun tó ń dà á láàmú kò pọ̀: ta ló gba ọjà àwìn, èló ló ti san, èló ló kù, ọjà wo ló fẹ́ tán. Áàpù oníwíńdò méjì tàbí mẹ́ta ti tó fún iṣẹ́ yìí, Python, èdè tí a fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, àti SQLite sì lè gbé e. SQLite, tí D. Richard Hipp bẹ̀rẹ̀ ní 2000, máa ń kó gbogbo àkọsílẹ̀ sínú fáìlì kan ṣoṣo, láìsí sáfà. Ó tún ní ìwà kan tó wúlò fún wa gan-an: bí iná bá lọ nígbà tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ lọ́wọ́, yálà kó jẹ́ pé gbogbo ohun tó ń kọ wọlé pátá, tàbí kó padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, kì í fi ìdajì sílẹ̀. Ẹni tó bá rántí bí wọ́n ṣe ń pín iná lò ní Abidjan ní 2021 mọ̀ pé èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Owó sẹfà pàápàá mú iṣẹ́ náà rọrùn. Kò sí ẹni tó ń ná sẹ́ńtímù lọ́jà, nítorí náà odindi nọ́ńbà ni kí ètò fi pa owó mọ́. Kọ̀ǹpútà kì í ka ìdá ẹ̀wẹ̀ẹ̀wá bí èèyàn ṣe ń kà á: bí ẹ bá ní kí Python ro 0.1 pọ̀ mọ́ 0.2, ìdáhùn rẹ̀ máa ń fi díẹ̀ bíńtín lé 0.3. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá fi odindi nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe kan tó ń da àwọn àgbà inú iṣẹ́ yìí láàmú.

Ṣùgbọ́n ìdí tó tóbi jù lọ fún mi kì í ṣe ẹ̀rọ, kì í sì í ṣe ọjà. Ohun tí áàpù oníwíńdò ń kọ́ni ni. Ètò tí ìwé fi ń bẹ̀rẹ̀ máa ń lọ tààrà, láti ìlà kìíní títí dé ìlà ìkẹyìn, ó parí. Áàpù oníwíńdò kì í rí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń ya wíńdò sójú kọ̀ǹpútà, lẹ́yìn náà á dúró, á máa retí. Olùlò lè tẹ bọ́tìnnì yìí kó tó tẹ ìyẹn, ó lè kọ orúkọ sí ibi tó yẹ kó kọ iye owó sí, ó lè pa wíńdò dé láàárín iṣẹ́. Ẹni tó kọ ètò náà kò ní àṣẹ lórí bí nǹkan ṣe máa tẹ̀ léra. Ohun tó lè ṣe ni kó sọ pé bí báyìí bá ṣẹlẹ̀, kí kọ̀ǹpútà pe iṣẹ́ báyìí. Ìrònú yìí ṣòro fún ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́, àmọ́ ìrònú kan náà ló wà nídìí ojú ewé wẹ́ẹ̀bù, nídìí áàpù fóònù àti nídìí géèmù. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀kọ́ kejì ń bọ̀: bí iṣẹ́ kan bá gba ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, bíi kíka fáìlì ńlá, tí a sì ṣe é nínú ìpè bọ́tìnnì náà, wíńdò á kú sójú kan, olùlò á rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Níbẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ á ti mọ ìdí tí a fi ń gbé iṣẹ́ wúwo sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ojú áàpù lè máa dá olùlò lóhùn. Ẹ̀kọ́ kẹta ni pé kí ìṣirò gbèsè má ṣe wà nínú kóòdù tó ń ya bọ́tìnnì. Ẹni tó bá pò wọ́n pọ̀ máa jìyà rẹ̀ lọ́jọ́ tó bá fẹ́ yí ojú áàpù padà. Lórí wẹ́ẹ̀bù, èèyàn lè kọ́ àwọn nǹkan wọ̀nyí pẹ̀lú, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àárín HTML, CSS, JavaScript, sáfà àti bí ẹ̀rọ méjì ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀ kọjá. Ẹrù yìí pọ̀ jù fún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Linux sì fi ohun kan kún un tí kò wọ́pọ̀ lórí Windows: a lè ṣí ohun tí àwọn ẹlòmíràn kọ, ká kà á. IDLE, ibi ìkọ kóòdù tó máa ń bá Python wá, tkinter, irinṣẹ́ Python fún yíya wíńdò, ni wọ́n fi kọ ọ́. Thonny, tí wọ́n ṣe ní Yunifásítì Tartu ní Estonia fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ Python, tkinter náà ni. Ìyẹn ni pé irinṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń kọ kóòdù jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tó ń kọ́, a sì lè tú u wò, bí ọmọ ìkọ́ṣẹ́ télọ̀ ṣe máa ń tú ẹ̀wù tí ọ̀gá rán, kó lè rí ibi tí okùn gbà. Calibre tó ń tọ́jú ìwé, Python àti Qt, irinṣẹ́ wíńdò mìíràn, ni. QGIS tí àwọn tó ń ya àwòrán ilẹ̀ ń lò, Qt ni. Inkscape àti GIMP tí a fi ń ṣe àwòrán, GTK, irinṣẹ́ wíńdò kẹta, ni. Kò sí èyí tí a máa tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí a tó kà á.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ọ̀ràn kan tó kan àwa tó ń kọ Yorùbá ní pàtàkì, nítorí pé àwọn ìwé tí wọ́n kọ ní Amẹ́ríkà kì í kọbi ara sí i. Ká ní orúkọ oníbàárà kan ni Bọ́lá. Lẹ́tà ọ tó gba àmì òkè kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tirẹ̀ nínú Unicode, ètò tí kọ̀ǹpútà fi ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà. A lè kọ o, ká fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, ká tún fi àmì òkè sí i. A lè mú ọ tó ti ní àmì ìsàlẹ̀, ká fi àmì òkè lé e. A sì lè mú ó, ká wá fi àmì ìsàlẹ̀ sí i. Lójú èèyàn, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí bákan náà. Lójú kọ̀ǹpútà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yàtọ̀. Bí ọmọ ọlọ́jà bá fi kíbọọ̀dù kan kọ Bọ́lá sílẹ̀ ní oṣù Kìíní, tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá fi òmíràn wá a ní oṣù Kejì, áàpù náà á ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀, gbèsè Bọ́lá á sì sọnù. Ọ̀nà àbáyọ wà nínú Python fúnra rẹ̀: iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ normalize, nínú unicodedata, máa ń sọ gbogbo ọ̀nà ìkọ̀wé wọ̀nyí di ọ̀kan kí a tó fi wọ́n pa mọ́. Bí a bá tún fẹ́ kí ẹni tó tẹ “bola” lásán rí Bọ́lá, a lè yọ àwọn àmì kúrò nínú ẹ̀dà kan tí a ń lò fún wíwá nìkan, ká sì fi orúkọ gidi sílẹ̀ bó ṣe wà. Ọ̀ràn ìtòlẹ́sẹẹsẹ lẹ́tà náà ń bẹ: lédè Yorùbá, lẹ́tà ẹ tẹ̀ lé lẹ́tà e, gb tẹ̀ lé g, ọ tẹ̀ lé o, ṣ tẹ̀ lé s, kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ kò sì lè mọ èyí. Linux ti gbìyànjú fún wa níbí ju bí ọ̀pọ̀ ṣe mọ̀ lọ. Lára àwọn kíbọọ̀dù tó wà lábẹ́ Nàìjíríà nínú rẹ̀, ti Yorùbá wà níbẹ̀, ètò èdè yo_NG sì wà nínú glibc, ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ètò Linux gbé ara lé. Ta ló máa tún un ṣe tó bá ní àléébù? Ẹni tó ń lò ó, tó sì ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni.

Ní ti irinṣẹ́ tí a fẹ́ yàn, ọ̀rọ̀ náà ní ìtàn. Spencer Kimball àti Peter Mattis, akẹ́kọ̀ọ́ ní Berkeley, ló bẹ̀rẹ̀ GTK nígbà tí wọ́n ń kọ GIMP. Qt wá láti Norway, láti ọwọ́ Haavard Nord àti Eirik Chambe-Eng. KDE, ètò ojú kọ̀ǹpútà fún Linux, gbé ara lé Qt ní 1996. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Miguel de Icaza àti Federico Mena bẹ̀rẹ̀ GNOME, irú ètò bẹ́ẹ̀ mìíràn, lórí GTK nítorí pé ìwé àṣẹ Qt nígbà náà kò fún èèyàn ní òmìnira tó. Ìjà yẹn ti parí, Qt náà ti wà lábẹ́ àṣẹ ọ̀fẹ́ báyìí, ṣùgbọ́n ogún tó fi sílẹ̀ ni pé akẹ́kọ̀ọ́ ń rí ọ̀nà méjì. Èyí tó burú ju ìyẹn lọ ni pé GTK ń yí padà: ẹ̀yà kejì jáde ní 2002, ẹ̀kẹta ní 2011, ẹ̀kẹrin ní ìparí 2020, ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ fún ọ̀kan kì í bá òmíràn mu. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló máa ń rí ẹ̀kọ́ àtijọ́, wọ́n á tẹ̀ lé e lẹ́sẹẹsẹ, kò ní ṣiṣẹ́, wọ́n á sì rò pé àwọn ni òpè. Nítorí èyí ni mo fi ń sọ pé kí wọ́n fi tkinter bẹ̀rẹ̀. Tk tí tkinter gbé ara lé, tí John Ousterhout ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò yí padà púpọ̀, ẹ̀kọ́ tó ti pé ọdún mẹ́wàá ṣì ń ṣiṣẹ́. Tó bá ti yé wọn, kí wọ́n bọ́ sórí Qt tàbí GTK. Ní tèmi, Qt ni mo máa yàn fún Abobo, nítorí ìdí kan tí mo máa tó sọ.

Àtakò àkọ́kọ́ ni pé fóònù ni gbogbo ènìyàn ń lò. Òótọ́ ni, n kò sì jiyàn rẹ̀. Ìyá ọlọ́jà ń gba owó lórí fóònù, ó ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ṣùgbọ́n lílò àti ṣíṣe kì í ṣe ohun kan náà. Ó ṣòro gan-an láti fi fóònù kọ ètò fóònù. Orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń kọ ọ́, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ kọ ọ́ nílò kọ̀ǹpútà lọ́nàkọnà. Ṣọ́ọ̀bù tó ní ọjà irinwó oríṣi, ilé ìwé tó ń tọ́jú máàkì ọmọ, ilé ìwòsàn kékeré tó ń kọ orúkọ aláìsàn, kò sí èyí tó rọrùn láti fi àtàǹpàkò ṣe lójú fóònù fẹ́ẹ́rẹ́.

Èkejì wúwo jù ú lọ: wọ́n á ní kọ̀ǹpútà oníbàárà kì í sábà jẹ́ ti Linux, Windows ló wà lórí rẹ̀, ta ló máa lo ohun tí ọmọ yẹn kọ? Ìdí tí mo fi mú Qt nìyí. Kóòdù Python kan náà tí a kọ pẹ̀lú Qt lórí Debian máa ṣiṣẹ́ lórí Windows pẹ̀lú àtúnṣe díẹ̀, tkinter náà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tí a fi kọ́ṣẹ́ kò fi dandan jẹ́ ẹ̀rọ tí iṣẹ́ wa máa parí sí. Lẹ́yìn ìyẹn, Qt wà nínú ojú ẹ̀rọ ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àti nínú ẹ̀rọ ilé ìwòsàn, nítorí náà ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa kò fi ara rẹ̀ sínú igun. Mo gbà pé ìpolówó iṣẹ́ tó ń wá ẹni tó ń kọ ètò wẹ́ẹ̀bù pọ̀ ju èyí tó ń wá ẹni tó mọ Qt lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ ni mò ń sọ. Ẹni tó ti mọ bí áàpù ṣe ń retí olùlò, bí àkọsílẹ̀ ṣe ń wà láìsọnù, àti bí a ṣe ń ya ìṣirò sọ́tọ̀ kúrò lára ojú áàpù, máa gun orí wẹ́ẹ̀bù pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Àwọn mìíràn á ní Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo ìwé tí a fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, Faransé sì ni àwọn ọmọ Abobo fi ń kàwé. Ìdáhùn èyí kò pẹ́: ìwé ìtọ́sọ́nà Python wà lédè Faransé, ti Debian náà sì wà. Ti Qt àti GTK kò tíì rí bẹ́ẹ̀, ìṣòro gidi sì ni. Ibi tó yẹ kí àwọn ibùdó bíi BabyLab àti àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi ESATIC ní Treichville tàbí Université Nangui Abrogoua ti ṣèrànwọ́ nìyẹn: kí akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ti yé máa kọ ẹ̀kọ́ kúkúrú lédè Faransé fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Áàpù fúnra rẹ̀ kò sì ní láti sọ èdè kan ṣoṣo. Pẹ̀lú irinṣẹ́ tó ń jẹ́ gettext, gbogbo ọ̀rọ̀ ojú áàpù máa ń wà nínú fáìlì lásán tí a lè fi sí èdè mìíràn láìfọwọ́ kan kóòdù. Faransé, Jula tí ọjà Abobo ń sọ, àti Yorùbá lè wà nínú áàpù kan náà, kí ọmọ ọlọ́jà yan èyí tí ìyá rẹ̀ gbọ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó bá fẹ́ fi áàpù sí Google Play máa san 25 dọ́là kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Apple ń gba 99 dọ́là lọ́dọọdún, wọ́n sì ń fẹ́ káàdì báńkì tó lè sanwó lókè òkun. Lórí Linux, kò sí ẹnu ọ̀nà tí a ń sanwó wọ̀. Flatpak, ọ̀nà kan láti pín áàpù Linux, wà, àmọ́ ohun tí áàpù GNOME tàbí KDE ń gbé ara lé lábẹ́ rẹ̀ lè jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì détà ní ìgbà àkọ́kọ́, nítorí náà fáìlì .deb kékeré, èyí tí a fi ń gbé áàpù sórí Debian, lórí fláàṣì dára jù fún ọjà. Àwọn kan rò pé ohun tí a fi irinṣẹ́ ọ̀fẹ́ ṣe kò ṣeé tà. Àṣìṣe ni: àṣẹ GTK àti ti Qt gbà kí a ta áàpù tí a fi wọ́n kọ, tí a bá tẹ̀ lé ohun tí wọ́n béèrè fún. Síbẹ̀, lójú tèmi, iṣẹ́ tó yí áàpù ká ni owó máa ti wá: gbígbé e sórí ẹ̀rọ, kíkọ́ ọmọ ìyá ọlọ́jà bó ṣe ń lò ó, ṣíṣe ẹ̀dà àkọsílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àti títún un ṣe nígbà tí wọ́n bá béèrè fún bọ́tìnnì tuntun. Ohun kan ṣoṣo ni mo máa fi lélẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ ṣe òwò yìí. Kí ó sọ fún oníṣọ́ọ̀bù láti ọjọ́ kìíní pé fáìlì SQLite náà jẹ́ ti oníṣọ́ọ̀bù, kí ó sì fi bọ́tìnnì kan sínú áàpù tó ń kó gbogbo orúkọ, gbèsè àti iye ọjà jáde sí CSV tí LibreOffice lè ṣí, kí àkọsílẹ̀ náà lè wúlò bí òun bá tilẹ̀ kó kúrò ní Abobo lọ́la.